Ṣé ẹlẹ́tàn ni Thoreau àti Emerson? Ìdáhùn sí ìyá kan láti Massachusetts

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ìtòsí Boston là ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń ka ìwé Thoreau àti Emerson, àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà àtijọ́ méjì, ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìwé náà ti gbà á lọ́kàn débi pé ó ní òun ò fẹ́ wọ yunifásítì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ mọ́, àfi kí òun kọ́kọ́ wá ara òun rí. Mo ní kí n lọ wo adágún Walden tí Thoreau fi kọ̀wé, tí wọ́n ń pariwo yìí. Ọ̀nà ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgboro ò sì jìnnà síbẹ̀ rárá. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa tún sọ fún mi pé ìyá Thoreau ló ń fọ aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ní òun ń dá gbé nínú igbó. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ìgbà tí àwọn ènìyàn wa wà lóko ẹrú ni àwọn oyìnbó yìí ń kọ̀wé nípa òmìnira àti ẹwà igbó. Ṣé ẹlẹ́tàn kọ́ ni wọ́n? Kí ni ọmọ dúdú fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, màmá wa, ẹ sì ṣeun tí ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn dé etí adágún náà. Ọ̀pọ̀ ló ń bú Thoreau tí wọn ò dé ibẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ ló sì ń yìn ín tí wọn ò ka ìwé rẹ̀ parí. Bí mo ṣe ka ìwé yín sí, ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ kọ́ ló ń jẹ yín lọ́kàn gan-an. Ẹ̀rù ń bà yín pé kí ọmọ má lọ gbé ayé rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹnu wọn dùn tí ìwà wọn ò bá ẹnu wọn mu, àwọn tó tún ṣeé ṣe kí wọ́n má ka irú rẹ̀ sí ènìyàn. Ẹ̀rù náà tọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, ìbéèrè yìí sì ni èyí tó máa ń gbóná jù ní kíláàsì. Èsì mi ni pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́tàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tóbi ju àwọn fúnra wọn lọ, àwọn ènìyàn dúdú ìgbà yẹn sì wà lára àwọn tó tètè mọ bó ṣe tóbi tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aṣọ kúrò ńlẹ̀. Thoreau ò sọ níbì kankan pé òun sá fún ènìyàn. Ọmọ bíbí Concord, ìlú kékeré kan nítòsí Boston, ni, wọ́n bí i ní 1817, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1862. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1845 ló kó wọ ilé kékeré kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sétí adágún, lórí ilẹ̀ Emerson tó jẹ́ ọ̀gá àti ọ̀rẹ́ fún un. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1847 ló kó kúrò níbẹ̀. Ilé náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15 lọ. Gbogbo ohun tó ná lé e lórí ló kọ sínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Walden: ìṣó, bíríkì, fèrèsé àlòkù méjì, títí dórí ṣọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12 àbọ̀. Ó sọ pé ọwọ́ James Collins, ará Ireland kan tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin, lòun ti ra ahéré kan ní dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 25, tí òun sì tú pákó rẹ̀ kó wá sétí adágún. Níbi tó ti ń ṣírò oúnjẹ àti aṣọ, ó kọ ọ́ gbangba pé ìta ni wọ́n ti ń bá òun fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń bá òun rán èyí tó ya, pé wọn ò tíì bi òun lówó rẹ̀. Odidi orí kan ló fi ṣàlàyé bó ṣe máa ń lọ sígboro lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ kejì síra wọn láti gbọ́ ohun tó ń lọ. Ó kọ òmíràn nípa àwọn àlejò rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Fitchburg ń fọn fèrè kọjá létí adágún yẹn nígbà ayé rẹ̀, ó sì wà nínú ìwé náà. Ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ tí ẹ débẹ̀ kò tú àṣírí kankan, nítorí ọkùnrin náà kò fi í pamọ́. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló sọ ọ́ di bàbá aṣálẹ̀ tí kì í rójú ènìyàn.

Kí ló wá ń wá níbẹ̀? Ohun méjì. Òun àti John ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jọ wa ọkọ̀ ojú omi lórí odò Concord àti Merrimack ní 1839. Ní oṣù Kìíní 1842, abẹ gé John níka, egbò kékeré yẹn ló sì pa á. Thoreau fẹ́ ibi tó dákẹ́ tí òun ti lè kọ ìwé ìrìnàjò yẹn ní ìrántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ìwé náà jáde ní 1849, kò tà. Nínú 1,000 ẹ̀dà, ó lé ní 700 tí atẹ̀wé dá padà fún un ní 1853, tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n gun àjà. Ìkejì ni ìdánwò kan. Ó ń wo àwọn àgbẹ̀ tó yí i ká tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kí gbèsè orí ilẹ̀ tó kúrò lọ́rùn wọn, ohun tí ẹ̀yin ará òkè òkun ń pè ní mọ́gééjì lónìí. Ó fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tà kó tó lè jẹun kó sì rí ibi sùn, ó sì rí i pé nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún tó òun, àpọ́n tí kò lọ́mọ. Ìyẹn ò lè tó ìyá ọlọ́mọ. Mo sọ èyí nítorí Thoreau máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tó rọrùn fún un rọrùn fún gbogbo ayé. Àléébù rẹ̀ nìyẹn lójú mi, ó sì wúwo ju ti aṣọ lọ.

Ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ sì yẹ ní ọ̀wọ̀ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Cynthia Thoreau àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Concord tó ń gbógun ti òwò ẹrú, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1837, nígbà tí Henry Thoreau ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì Harvard. Ìyàwó Emerson náà wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ìjọba, ní ìgbà tí òfin ò gbà kí obìnrin dìbò. Ọkọ wọn, ọmọ wọn, gbogbo àwọn ọkùnrin tí orúkọ wọn wà lára ìwé, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1846, níwájú ahéré Thoreau nínú igbó Walden ni ẹgbẹ́ náà ti ṣe ìpàdé ìrántí òmìnira àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù West Indies. Bí ẹni yẹn bá tún sọ̀rọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, ẹ sọ èyí fún un.

Ọmọ yín gbọ́dọ̀ mọ ibi tí gbogbo èrò yìí ti ṣàn wá, bí kò bá fẹ́ ṣì í lóye. Romanticism ni wọ́n ń pe ìgbì náà. Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́kọ́ ru sókè, ohun tó sì ń sọ ni pé ọkàn ènìyàn ní ìmọ̀ tí ìṣirò ò lè dé, pé igbó àti òkè àti odò ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, pé iyì ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ti ọwọ́ ọba tàbí bíṣọ́ọ̀bù wá. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ó bá orílẹ̀-èdè kékeré kan tí ojú ń tì. Ní 1820, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Sydney Smith, béèrè nínú ìwé ìròyìn pé ta ló ń ka ìwé ará Amẹ́ríkà ní ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n dé egungun. Wọn ò ní ààfin àtijọ́, wọn ò ní ahoro ilé tí ewì lè sunkún lé lórí. Ohun tí wọ́n ní ni igbó. Òǹkọ̀wé Washington Irving ti ń fi àwọn ará Dutch àtijọ́ létí odò Hudson pìtàn láti 1809, James Fenimore Cooper gbé ìtàn àwọn ará Mohican, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, jáde ní 1826, àwọn ayàwòrán sì gba inú igbó lọ.

Ẹni tó ṣáájú wọn ni Thomas Cole, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní 1825 ó gòkè odò Hudson lọ sí òkè Catskill, ó yàwòrán ohun tó rí, àwòrán yẹn ló sì sọ ọ́ di olókìkí ní New York. Mo fẹ́ kí ọmọ yín lọ wo àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Oxbow, èyí tó yà ní 1836, tó wà ní mùsíọ́mù Metropolitan ní New York. Mo ti dúró pẹ́ níwájú rẹ̀. Lápá òsì, igbó dúdú ni, igi tó ti fọ́ dúró gbagidi, òjò àti ìjì ń ṣú kọjá. Lápá ọ̀tún, oòrùn ràn, odò Connecticut ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ẹ̀gbà ọwọ́, oko tẹ́ rẹrẹ, èéfín ń rú láti inú ilé. Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ọkùnrin kékeré kan tó dé fìlà, tó jókòó ti àwòrán rẹ̀, tó yí ojú padà tó ń wò yín. Cole fúnra rẹ̀ ni. Ó dúró láàárín igbó tó ń lọ àti oko tó ń bọ̀, kò sì sọ èyí tó fẹ́. Ọdún tó lọ sí Catskill náà ni wọ́n ṣí ipa odò Erie tí wọ́n gbẹ́, tí ọjà fi ń ṣàn láti àárín ilẹ̀ dé New York. Láti ìgbà náà ni àáké ò ti sinmi. Ní 1836 kan náà, Cole kọ àròkọ kan tó fi dárò igi tí wọ́n ń gé lulẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń yọ̀ mọ́ igbó lásán. Ìdárò ló pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ń kọrin ohun tí ọwọ́ àwọn ará wọn ń pa.

Àbàwọ́n ńlá wà níbẹ̀ o. Ilẹ̀ tí wọ́n yà bí ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí, ènìyàn ló ń gbé e. Ní 1830, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n fi lé àwọn onílẹ̀ kúrò ní gúúsù. Ní 1838, wọ́n fi sójà kó àwọn Cherokee, ẹ̀yà kan lára wọn, kúrò nílé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì kú kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Lọ́dún yẹn Emerson kọ lẹ́tà gbangba sí Ààrẹ Van Buren pé ìwà ọ̀daràn nìyí. Lẹ́tà náà dára, kò dá ọwọ́ ìjọba dúró. Cooper ní tirẹ̀ sunkún lórí àwọn Mohican bí ẹni pé gbogbo wọn ti kú tán, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Irú ẹkún yẹn a máa dẹ ọkàn akàwé lára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ tó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ ọnà wọn.

Emerson ní tirẹ̀, àlùfáà ni tẹ́lẹ̀. Ellen, ìyàwó rẹ̀ àkọ́fẹ́, kú ní 1831. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní Boston nítorí kò lè fi ọkàn mímọ́ ṣe ìsìn oúnjẹ alẹ́ Olúwa mọ́. Ó lọ sí Yúróòpù, ó rí àwọn òǹkọ̀wé Wordsworth àti Coleridge àti Carlyle sójú, ó padà wá, ó sì tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1836, Nature. Ohun tó ń sọ ni pé Ọlọ́run tó bá àwọn wòlíì àtijọ́ sọ̀rọ̀ kò tíì dákẹ́, pé ìmọ̀lẹ̀ yẹn wà nínú gbogbo ènìyàn. Àròkọ rẹ̀ ti 1841 tó ní kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ ni mo rò pé ó ń da ọmọ yín láàmú. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kà á bí ẹni pé ó ní kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó kọ ọ́ ti sin ìyàwó, ó ti sin àbúrò méjì, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó sin Waldo ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún. Ohun tó le ló ń béèrè: kí ènìyàn má fi àjàgà èrò àwùjọ kọ́rùn, kó dá dúró síbi tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ gbé e sí, kó sì gba ìyà tó bá tibẹ̀ wá. Bí èrò yẹn bá jẹ́ òtítọ́, ẹrú ní ìmọ̀lẹ̀ náà, ẹni tó sì ń ta á lọ́jà ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí ló gbé wa dé ìbéèrè yín tó wúwo jù. Ìgbà tí ẹ wí náà ni. Ọdún 1835, ọdún kan ṣáájú ìwé Emerson, ni àwọn Mùsùlùmí Nàgó, ọmọ Yorùbá, dìde sí àwọn olówó wọn ní Salvador ní Bahia, ní Brazil. Àwọn ọdún yẹn náà ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun ń kó àwọn ènìyàn wa dé etí òkun. Brazil àti Cuba ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù nínú wọn lọ. Ní Massachusetts, ilé ẹjọ́ ti fòpin sí níní ẹrú láti àwọn ọdún 1780, ṣùgbọ́n òwú tí àwọn ẹrú gúúsù ń ká ni àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ìlú Lowell níbẹ̀ ń hun, nítorí náà owó ẹrú wọ àpò àríwá. Emerson mọ̀, ó sì lọ́ra. Àwọn ohun kan wà tó kọ nípa ènìyàn dúdú sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí kò dùn ún kà. Ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Concord pè é ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1844 ló tó dìde sọ̀rọ̀ tó le gidi lórí ẹrú. Nígbà tí wọn ò rí ẹni tí yóò lu aago ṣọ́ọ̀ṣì láti pe àwọn ará ìlú wá gbọ́ ọ, Thoreau ló lọ fa okùn aago náà. Láti 1850 tí òfin ti wá sọ ọ́ di dandan fún ará àríwá láti fa ẹrú tó sá padà fún olówó rẹ̀, Emerson kò lọ́ra mọ́.

Thoreau gbóná jù ú lọ. Ó kọ̀ láti san owó orí nítorí ẹrú àti nítorí ogun tí Amẹ́ríkà ń bá Mexico jà, wọ́n sì tì í mọ́lé ní oṣù Keje 1846, nígbà tó ṣì ń gbé létí adágún. Alẹ́ kan péré ló sùn síbẹ̀, ẹnìkan san owó náà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àròkọ tó ti ibẹ̀ jáde ní 1849 dé ọwọ́ Gandhi àti Martin Luther King. Ní oṣù Kẹwàá 1851, ọkùnrin kan tó sá láti Virginia, tó ń jẹ́ Henry Williams, wá sílé àwọn Thoreau. Wọ́n kó owó jọ fún un, Thoreau lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin láti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó rí ọkùnrin kan tó fura sí pé ọlọ́pàá Boston ni, ó padà, ó dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó wá gbé àlejò náà wọ ọkọ̀ lọ sí Kánádà. Ní 1854, wọ́n mú Anthony Burns, ẹrú kan tó ti sá, ní Boston, wọ́n sì fi ogunlọ́gọ̀ sójà tì í padà sóko ẹrú. Thoreau bọ́ síwájú èrò ní Framingham ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ó ní òun ń rìn lọ sétí adágún bí ìṣe òun, ṣùgbọ́n kí ni ẹwà ìṣẹ̀dá já mọ́ nígbà tí ènìyàn ti di aláìníláárí; pé ìrántí orílẹ̀-èdè òun ti ba ìrìn òun jẹ́. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ìwé Walden jáde. Ẹ rí i pé ìbéèrè tí ẹ bi mí, òun fúnra rẹ̀ ti bi ara rẹ̀.

Mi ò ní tàn yín pé gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀. Nathaniel Hawthorne, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tó mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ baba ńlá ṣe ń lé ọmọ kiri ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn adájọ́ tó dájọ́ àjẹ́ ní Salem ní 1692, kọ ìwé ìpolongo ìbò fún Franklin Pierce ní 1852, ààrẹ tí ìjọba rẹ̀ fi Burns ránṣẹ́ padà. Herman Melville, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ mìíràn, ní tirẹ̀ kọ Benito Cereno ní 1855, ìtàn ọkọ̀ òkun tí àwọn ẹrú ti gbà mọ́ àwọn olówó wọn lọ́wọ́, tí ọ̀gá ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan wọ inú rẹ̀ tí kò sì lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ nítorí kò gbà pé ènìyàn dúdú lè gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín yóò gbádùn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ jọ ṣí nínú Walden ni orí tó sọ nípa àwọn tó ti gbé inú igbó náà rí. Àwọn olùkọ́ máa ń fò ó. Thoreau rìn yí oko ẹ̀wà rẹ̀ ká, ó ń wá ojú ihò ilé tó ti wó. Lápá ìlà oòrùn oko náà, lódìkejì ọ̀nà, ni Cato Ingraham gbé, ẹrú ọ̀tọ̀kùlú kan ní Concord. Àwọn kan ní ọmọ Guinea ni, ìyẹn etíkun ilẹ̀ Áfíríkà wa. Ó fi igi walnut sílẹ̀ kó máa dàgbà, pé òun yóò fi jẹun lọ́jọ́ ogbó, àmọ́ ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tó sì funfun jù ú lọ ló kó igi náà níkẹyìn. Létí oko kan náà ni Zilpha gbé, obìnrin dúdú tó ń rànwú fún àwọn ará ìlú, tí ohùn orin rẹ̀ máa ń gba gbogbo igbó kan. Nígbà ogun 1812 tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ìgbèkùn dáná sun ilé rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé. Ológbò rẹ̀, ajá rẹ̀, adìyẹ rẹ̀, gbogbo wọn ló jóná. Brister Freeman gbé lórí òkè kékeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní, ó gbin èso ápù, Thoreau sì tọ́ èso náà wò. Fenda ìyàwó Brister a máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ó sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Àwọn tó gba òmìnira wọ̀nyí wà nínú igbó Walden nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára, ìlú ò sì fẹ́ wọn nítòsí. Ibi tí Thoreau ti lọ dánìkan wà láti yàn, ibẹ̀ ni wọ́n lé àwọn yẹn sí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n má bàa parẹ́. Ọmọ dúdú tó bá ka orí yìí kò ní máa wo igbó náà bí àlejò.

Àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn sì kọ̀wé. Ìwé ìtàn ayé Frederick Douglass, ọkùnrin tó sá kúrò lóko ẹrú, jáde ní Boston ní oṣù Karùn-ún 1845, oṣù méjì ṣáájú kí Thoreau tó kó wọ ahéré. Nígbà tó wà lọ́wọ́ Covey, ọkùnrin tí wọ́n ń fa ẹrú olóríkunkun lé lọ́wọ́ kí ó lè tẹ̀ ẹ́ lórí ba, ilé náà súnmọ́ omi Chesapeake. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Douglass a máa dúró létí omi, a máa wo àwọn ọkọ̀ onígbòkun funfun tó ń lọ, a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ sókè pé ẹ̀yin ti bọ́ lókùn, èmi ṣì wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Bí akéwì Romantic ṣe ń bá òkè àti afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ ló wà lórí okùn. Orúkọ rẹ̀ gan-an, inú ewì Walter Scott, akéwì ará Scotland, ni Nathan Johnson, ọkùnrin dúdú tó gbà á sílé ní New Bedford, ti mú un fún un. Nínú ìwé náà kan náà, Sandy, ẹrú bíi tirẹ̀, fún un ní egbòogi kan pé kó máa fi sápá ọ̀tún, oyìnbó kankan ò ní lè nà án. Àwa tí a mọ ońdè kò nílò àlàyé. Douglass kò fi gbogbo ara gbà á gbọ́, ó fi í sápò, ó sì bá Covey jà fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Covey kò nà án mọ́ láéláé. Ohun tí Emerson kọ lórí tábìlì nípa kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀, Douglass ṣe é lórí ilẹ̀ ilé ẹran.

Harriet Jacobs, obìnrin tí òun náà sá kúrò lóko ẹrú, yóò fi ojú mìíràn han ọmọ yín. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1861, irà tí ejò kún inú rẹ̀ ni wọ́n gbé e pamọ́ sí nígbà tó sá fún olówó rẹ̀, kó tó wá wọ abẹ́ àjà ilé ìyá ìyá rẹ̀ ní North Carolina, tó wà níbẹ̀ fún bí ọdún méje láìlè nàró. Lọ́dọ̀ rẹ̀, igbó ń ṣe ènìyàn, ó sì ń gba ènìyàn là. Robert Duncanson sì wà, ọmọ dúdú tó ti ń kun ilé kó tó di ayàwòrán ní Cincinnati, níbi tí odò kan ṣoṣo ti pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ ẹrú Kentucky. Ó yàwòrán igbó àti odò bíi ti Cole. Ní 1851, ó ya ibi jíjìn kan lórí odò Little Miami, omi dúró jẹ́ẹ́, igi yí i ká, àwọn apẹja kékeré jókòó létí rẹ̀ láìsí ẹni tó ń lé wọn. Àwọn amòye ń bá ara wọn jiyàn bóyá ó fi ọ̀rọ̀ ẹrú pamọ́ sínú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, kí ọmọ dúdú ya ibi tí ènìyàn lè jókòó sí ní àlàáfíà ní Ohio ní 1851, ọdún tó tẹ̀lé òfin tó ní kí wọ́n máa mú àwọn tó sá, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ní ti yunifásítì, olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mo jẹ́, mi ò mọ ọmọ yín, mi ò sì lè bá yín pinnu. Ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé Emerson jáde ní Harvard ní 1821, Thoreau ní 1837. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti kàwé gboyè ni wọ́n tó ń sọ pé ilé ìwé nìkan ò tó. Ẹ má gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí ẹ bá gbà á, yóò kà á níkọ̀kọ̀, yóò sì kà á lóun nìkan. Ẹ jọ ka orí kẹwàá ìwé Douglass, níbi tí ọkọ̀ onígbòkun àti ìjà Covey wà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tí Thoreau sọ ní Framingham, kí ẹ tó padà sí Walden. Ẹ tún mú un lọ sí Concord, kì í ṣe sétí adágún nìkan: ẹ gun òkè Brister, kí ẹ sì yà sí Robbins House nítòsí afárá North Bridge, ilé ìdílé dúdú kan láti ìgbà yẹn tí wọ́n ti sọ di ibi ìtàn. Bó bá ṣì ní òun fẹ́ dúró fún ọdún kan lẹ́yìn èyí, ẹ ní kó kọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọdún náà ṣe sílẹ̀, iye tí yóò ná, àti ẹni tí yóò san án, kó mú un wá fún yín kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò.